Kọ́ìlì Méjì Tó Jọra

Àkọ́bí mi obìnrin ló ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò. Ìyá Ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì ti mọ́ ọn lára kó tó di ìyá ọmọ. Ẹ́ńjìnì tó bá tún ṣe, òun àti ẹni tó ni ín ni wọ́n jọ ń kọ́kọ́ gbé e wọ odò. Ó ní ẹni tó se ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣe ẹ́ńjìnì awakọ̀ kan tán, ó ń wá bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibà ń ṣe é. Mo ní kò sí ibi tó ń lọ. Awakọ̀ ní kò burú, òun nìkan tó o lọ. Ó fa okùn, ẹ́ńjìnì dún dáadáa, ó lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ tó ti lé lógójì ọdún ṣì ń gbọ́ tèmi. Ọpẹ́ yẹn ti yá jù.

Bí ọmọ mi ṣe ń palẹ̀ orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ló pè mí lójijì. Kọ́ìlì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan dúdú tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná kí epo lè gbiná.

“Màmá, kọ́ìlì ẹ́ńjìnì awakọ̀ yẹn rèé. Ti ẹ́ńjìnì mìíràn ni mo dè mọ́ ọn.”

Mo ní ṣebí ó ṣiṣẹ́. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn. Oríṣi méjì ni wọ́n. Nínú ẹ́ńjìnì awakọ̀ yìí, kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń kó agbára iná jọ. Tí iná tó ń wọ inú rẹ̀ bá gé lójijì, á tú gbogbo rẹ̀ sí púlọ́ọ̀gì. Nínú oríṣi kejì, nǹkan mìíràn tí wọ́n ń pè ní kapasítọ̀ ló ń kó o jọ, á wá dà á lu kọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́ìlì tiẹ̀ kàn ń gbé e kọjá ni.

“Ọ̀kan dà bíi yín, Màmá: ẹ̀ ń di ọ̀rọ̀ sínú títí ẹnìkan á fi já lù yín. Ìkejì dà bíi Bàbá wa: ibòmíràn ni wọ́n ti ń kó ìbínú jọ, ilé ni wọ́n ń wá dà á sí.”

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé tí èèyàn bá wá ṣi ọ̀kan dè ńkọ́? Ó ní èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di iná sínú á máa gbóná títí á fi kú, bóyá níbi tí omi ti ń rọ́ lu àpáta.

Ó pe awakọ̀, fóònù kò wọlé. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi aládùúgbò wa, tòun tibà, ó gbọ̀nà odò. Èmi tí ẹ̀rù omi ń bà láti kékeré dúró létí odò, mò ń bẹ Ọlọ́run, mo sì ń bá ara mi jà. Èmi ni mo ní kó má lọ.

Ó pẹ́ kí n tó rí wọn. Ọmọ mi ló ń fa ọkọ̀ awakọ̀ bọ̀. Ẹ́ńjìnì ti kú lọ́nà, awakọ̀ sì ti ju ìdákọ̀ró sómi kí omi tó gbé e dé ibi àpáta, ojú rẹ̀ kò sì dára rárá. Ó ti gbàgbé pé òun ló ní òun nìkan tó; ó bi ọmọ mi pé kí ló dé tí kò bá òun lọ.

Mo ní, “Èmi ni mo dá a dúró.”

Ọmọ mi ní, “Èmi ni mo ṣi kọ́ìlì dè, Ọ̀gá. Ẹ máà bínú.”

Ó pààrọ̀ kọ́ìlì náà lójú gbogbo wa, ó sì jókòó sínú ọkọ̀. Awakọ̀ kò fa okùn. Èmi ló ń wò.

Ó ní, “Màmá, ó ku ẹ̀yin tí ẹ dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé.”

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Mo wọ̀ ọ́. Mo di etí ọkọ̀ mú, awakọ̀ fa okùn, ẹ́ńjìnì dún. Mò ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ mímí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.