Ẹja Tó Ń Bu Iyùn Jẹ

Ẹja ni Dókítà Oyèbọ̀dé máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bó bá ti pe Morónkẹ́ láti Amẹ́ríkà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹja wa ńkọ́?" Morónkẹ́ á ní dáadáa ló wà. Ó tún di ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Opó ni Morónkẹ́, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, Àdúràgbèmí, ti bá ọkọ lọ sí Kánò. Nígbà tí Dókítà ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ńlá tó kọ́ sí Iléṣà, òun ni wọ́n júwe fún un. Ilé náà ní yàrá bí ilé ìwé. Morónkẹ́ ń gbá a, ó ń nù ún, kò sì sí ẹni tó ń sun ibẹ̀ àfi òun, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn.

Àpótí gíláàsì kan wà ní pálọ̀ tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Omi oníyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó nìkan ni Morónkẹ́ ti ń rí iyùn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá rí iyùn tó wà láàyè, tó ń ṣí bí òdòdó bí iná bá tàn. Ẹran omi kan tún wà níbẹ̀ tó ń gbé inú karahun méjì, tó ń là, tó ń pa dé bí ẹnu ọmọ tó fẹ́ sunkún. Ẹja kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ara rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀, ètè rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó mu aró.

Bí ẹja yìí kò bá yó, iyùn ni yóò máa bù jẹ, yóò sì máa já ẹran inú karahun jẹ. Dókítà ti kọ́ Morónkẹ́ pé kó máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́: edé tí a gé wẹ́wẹ́, àti ewé òkun gbígbẹ tí a so mọ́ òkúta. Ó wá gbé kámẹ́rà dojú kọ àpótí náà, kó lè máa wò ó láti òkè òkun. Bí Morónkẹ́ bá ń fún ẹja lóúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń hàn nínú kámẹ́rà.

"Wá jẹun, ọkọ mi," ló máa ń sọ fún un. "Fi iyùn oníyùn sílẹ̀."

Lásìkò òjò tó kọjá, ibà dá Morónkẹ́ dùbúlẹ̀. Kò lè dìde. Nígbà tó fi máa wọ́ ara rẹ̀ dé pálọ̀, apá kan iyùn ti funfun bí eegun, karahun sì là sílẹ̀, kò pa dé mọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da edé sómi ni fóònù dún.

"Mà, kí ló ṣẹlẹ̀? Láti àná ni mi ò ti rí ọwọ́ yín!"

"Ara mi ni ò yá, Dókítà. Ibà ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹja ti jẹun báyìí?"

"Ó ti jẹun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sínú àpótí kékeré tó wà ní kíṣìnnì. Mi ò fẹ́ kó jẹ èyí tó kù."

Bí ara rẹ̀ ṣe yá díẹ̀, ó gbé e lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn ẹja wínníwínní wá láti Èkó, àwọn tí kì í fẹnu kan iyùn. Àwọn yẹn ni Dókítà ń béèrè báyìí. Kò béèrè èyí tó wà ní kíṣìnnì mọ́, kò sì sọ pé kí Morónkẹ́ dá a nù. Morónkẹ́ gbé àga rẹ̀ lọ sí kíṣìnnì, ibẹ̀ ló ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, Àdúràgbèmí pè é.

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe gbé fóònù?"

"Ẹja ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Kánò."

"Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Morónkẹ́ pè é padà títí, kò wọlé. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé edé.