Ọgbọ̀n Yóò Kù, Ọgọ́ta Yóò Lọ

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìlá-Ọ̀ràngún ṣì wà, àwọn ológun ló sì ń ṣèjọba. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ máa ń yìn mí pé mo gbóná nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí mọ́ títí ẹ ó fi ka èyí tán.

Ìjọba fẹ́ dín wa kù, a sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àádọ́rùn-ún ni wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà dé: bí a bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, ọgbọ̀n nínú wa tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yóò kù. Bí a bá kọ̀, tí ìjọba náà sì yarí, gbogbo wa ni yóò lọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, pé bóyá wọ́n lè dá gbogbo wa sí bí a bá dúró gbọn-in.

Abẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ la ti máa ń dìbò. A kì í lo ìwé. Ẹni tó bá gbà yóò bọ́ sápá ọ̀tún, ẹni tó bá kọ̀ yóò bọ́ sápá òsì, lójú gbogbo èèyàn.

Mo ka lẹ́tà náà bó ṣe wà: “Ọgbọ̀n yóò kù.” Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n Rábíù, olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló ṣáájú. Ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ò lè ṣàì wà nínú ọgbọ̀n náà.

“Alihamudulilai,” ló wí. “Ọgbọ̀n ilé á ṣì máa jẹun.”

Inú bí mi. Ojo ni mo pè wọ́n nínú ọkàn mi. Mo gun àga, mo pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́ta èèyàn ni wọ́n fẹ́ lé! Àwọn wo lẹ fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́? Ṣé ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn yín yìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n Rábíù bojú wẹ̀yìn wo ọmọbìnrin náà.

“Wàláì, mi ò lè fọwọ́ ara mi lé e lọ.” Ó rìn kọjá sápá òsì. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní kíláàsì. Mo mọ̀ dájú pé bí ọgọ́ta bá lọ nínú àádọ́rùn-ún, ọgbọ̀n kan náà ló kù. Mi ò purọ́. Mo kàn yí ọ̀rọ̀ náà síbi tó máa dùn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè bóyá ìjọba á gbọ́ lóòótọ́.

Ìjọba ò gbọ́. Ọjọ́ Ajé kọjá; kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n lẹ orúkọ àwa àádọ́rùn-ún mọ́ ògiri pé wọ́n ti lé wa. Ní Iresi, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ka irú lẹ́tà kan náà láìfi nǹkan kún un. Wọ́n wọlé, àwọn àgbà ibẹ̀ tó kù lẹ́nu iṣẹ́ sì fẹ̀yìn tì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nígbà tó yá.

Èrè wo la jẹ níbẹ̀? Mo ti wá a títí, mi ò rí i. Àwọn èèyàn ní a nígboyà, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ẹnu gbé ìgboyà náà wọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Rábíù di ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Mo lọ bá a, mo ní kó dárí jì mí.

“Akọ̀wé,” ló wí, “ká ní o kà á fún wa lọ́nà méjèèjì, ti ọgbọ̀n tó máa kù àti ti ọgọ́ta tó máa lọ, kó o sì jókòó, bóyá apá òsì náà ni ǹ bá lọ. Ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo lọ.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hun apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sọ bóyá òun dárí jì mí, mi ò sì lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.