Ìbọn Ọ̀kẹ́rẹ́ Méjì Orval Stidham

Ọdún méjìlélógójì ni Orval Stidham fi ń sọ ọ́ káàkiri àfonífojì Caney, ní Kentucky, pé ìbọn ọ̀kẹ́rẹ́ àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ọta wọn kò yàtọ̀: tín-ín-rín ni, etí ìdí rẹ̀ ni irin ń lù kó tó dún. Ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ tó ń lò, igi gidi ni ìdí rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì fá irin rẹ̀. Tuntun, ó ní, ike ni, wọ́n kàn dà á bí ẹni da àbẹ́là.

Ní Sátidé kan, Twila ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé tuntun kan wá fún un, oníke, tòun ti awò lórí rẹ̀ tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Denzil, aládùúgbò rẹ̀ tí kò tíì pé ogójì ọdún, gbé tábìlì sẹ́yìnkùlé, ó lẹ bébà mọ́ igi ní àádọ́ta ìṣísẹ̀.

"Ó yá, Ẹ̀gbọ́n Orval. Ẹnu kì í pa ọ̀kẹ́rẹ́."

Orval kọ́kọ́ yin tuntun, ọta márùn-ún. Ẹyọ owó kan lè bo ihò márààrún. Ó wá gbé ti bàbá rẹ̀. Ìyẹn kò ní ibi tí à ń gbé awò lé. Ojú lásán ló fi wò ó. Ọta fọ́n káàkiri bébà. Ọ̀kan kò tilẹ̀ bá bébà, igi ló bá.

Denzil bú sẹ́rìn-ín. Twila kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé ojú yín ni?"

Orval mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn. Láti ìgbà òtútù ni Twila ti ń wá ohun tí yóò fi gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orval nìkan ló ń gbé ilé náà, máìlì mẹ́sàn-án sí ọ̀nà ọlọ́dà. Bí kì í bá ṣe ojú, ìbọn ni. Kò sí ẹ̀kẹta.

"Ìbọn ni," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀pá rẹ̀ ti gbó nínú."

"Háà! Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?" Denzil na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, kí n fi dágbére fún un."

"Fi í sílẹ̀."

"Ṣé ó máa gé mi jẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó yìn ín, Bàbá," ni Twila wí.

Bí ó bá kọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó gbé e fún un.

Denzil lẹ bébà mìíràn, ó jókòó, ó yin márùn-ún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ wò ó. Ihò kan ṣoṣo ni, etí rẹ̀ kàn ya díẹ̀. Ó kéré sí ti tuntun.

Inú Orval ti dùn kó tó rántí pé bí kì í bá ṣe ìbọn, ojú ni.

"Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?" ó wí.

Denzil ń wo ilẹ̀. Twila na àtẹ́lẹwọ́ sí bàbá rẹ̀.

Orval ki ọwọ́ bọ àpò, ó di kọ́kọ́rọ́ mú.

"Ọjọ́ wo lo máa ń ráyè wá fi ọkọ̀ gbé mi jáde?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ọjọ́ Ẹtì nìkan?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Bàbá."