Ọbẹ̀ Funfun Tí Ìyá Mi Fi Jẹ Iyán

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà kẹ́yìn, ó ní kí n bá òun dá agolo mílíìkì lu. Mo lu ihò kan. Ó ní kí n lu òmíràn ní òdì kejì, pé bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọlé, mílíìkì kò ní jáde. Ó gbé agolo náà sínú àwo omi kí èèrà má baà dé ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àìsàn tí a pè ní ibà lásán ti gbé e lọ.

Mílíìkì inú agolo ló mú kí ìyá mi gbà á ní ìyàwó ilé. Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, ìyá mi, tó ń gbé ní Ìsúndúnrin, ti sọ pé ọmọ tó dàgbà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò lè mọ ọbẹ̀ sè, òun kò sì ní jẹun nílé wa. Gbogbo ohun tí ìyàwó mi ń fẹ́ ni kí ìyá mi jẹ oúnjẹ òun tán, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ wá kí wa ní Èjìgbò, ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, ìyàwó mi pinnu pé òun kò ní se ọbẹ̀ rárá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọbẹ̀ bú. Ó po kọ́sítáàdì mọ́ mílíìkì àti ṣúgà, ó rò ó lórí iná títí ó fi ki, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì gbé abọ́ náà sínú omi tútù. Ó gé ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èso yẹn ni èèyàn yóò máa tì bọ̀ ọ́ jẹ.

Ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó, wọ́n wẹwọ́, wọ́n sì dúró. Wọ́n ń wò wá, àwa náà ń wò wọ́n.

“Ìyàwó,” ni ìyá mi wí, “iyán dà?”

Ní ìlú tí òrìṣà fúnra rẹ̀ ń jẹ iyán, ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ pé kò sí?

“Ó ń bọ̀, mà.”

Táì wà lọ́rùn mi nígbà tí mo gba ọmọ odó.

Ìyá mi bu òkèlè, ó tì í bọ kọ́sítáàdì, ó gbé e mì. Kò tíì jẹ ìbẹ́pẹ. Ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àwọn àgbà ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, ó ti bu ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran yìí kan o.”

“Ẹran àwọn olùkọ́ ni. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ìyá mi jẹun tán, ó lá ìka. “Ìyàwó, ọbẹ̀ rẹ dùn. Iyọ̀ nìkan ló kù.”

“Mo gbọ́, mà.”

Nígbà tí a wọ yàrá, ìyàwó mi ní, “Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o.” N kò sọ. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá ti ń bọ̀, yóò ránṣẹ́ pé kí wọ́n se ọbẹ̀ funfun de òun.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi dúró tì mí, ṣùgbọ́n kò jẹun. Àwọn ìyá ìjọ gbé oúnjẹ wá, ó ń ṣí wọn wò, ó sì ń dé wọn padà. Èmi kò dáná rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo lu ihò méjì sí agolo mílíìkì tuntun. Kọ́sítáàdì tí mo rò ṣe kókó, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Mo gé ìbẹ́pẹ. Mo se iṣu, mo gún un, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ó wo abọ́ náà pẹ́ kí ó tó wẹwọ́. Ó jẹ òkèlè kan, ó tún bu òmíràn.

“Iyọ̀ kò sí níbẹ̀.”

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Ìyá.”

Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló mú ìbẹ́pẹ kan nínú èyí tó kó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nà án sí mi.

“Gba ẹran tìrẹ.”