Ìpàdé Lórí Ilẹ̀ Àgùntàn

Aládùúgbò mi gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó wọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ Màórì ni, àwọn onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe ní Niu Sílándì. Iṣẹ́ ẹnjinníà ló ń ṣe níbí ní Clear Lake, ìlú tí àwa méjèèjì ń gbé. Kí wọ́n tó bí i ni ìjọba ti yan alámòójútó tó ń sin àgùntàn àti màlúù lórí ilẹ̀ ẹbí wọn.

"Bàbá mi bá ìjọba fà á títí wọ́n fi kú," ó ní. "Ó ti rẹ èmi náà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, a jọ wo ìpàdé tí alámòójútó pe ẹbí wọn sí nílé lọ́hùn-ún, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Alámòójútó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba àkóso ilẹ̀ padà nawọ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Àgbà obìnrin ẹbí wọn ṣì wà lórí ìdúró, ó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn, nínú àṣà wọn, ẹnìkan kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ tàbí nawọ́ kí àgbà tó jókòó.

"Ní kí màmá yẹn ṣe kíá," mo ní.

"Ìwọ ọmọ Yorùbá, ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tìẹ?"

Àkókò ìdìbò tán kí ìyá náà tó parí. Alámòójútó ní òun kò rí ìbò kankan. Ó ní ọ́fíìsì àwọn yóò pe ìpàdé mìíràn, àwọn kò tíì mú ọjọ́. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ ìjọba ni ẹran àti ilẹ̀ yóò wà.