Omi Tí Ìyá Mi Kò Gbé Mì

Ẹ má wo bí mo ṣe ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà, mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Èmùrè dé Ìsẹ̀ láìwọ bàtà, mo sì tún fi ẹsẹ̀ kan náà rìn padà. Ibi tí à ń lọ gan-an jìnnà ju Ìsẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n a kò débẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló mú mi rántí rẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ní ìjọ àwọn fẹ́ lọ sórí òkè àdúrà, pé kí n bá àwọn lọ, bọ́ọ̀sì tó tutù nini nínú ni àwọn háyà. Mo ní kó máa lọ, orúnkún ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa fún un. Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Ìjọ aládùúrà ni ìyá mi ń lọ láyé ìgbà yẹn, ilé alámọ̀ kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ìlú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá ìjọ, ìyẹn àgbàlagbà tó ń darí wa, dìde nínú ìsìn, ó ní tí kòkó bá ti wọlé tán, tí òjò sì ti dá, gbogbo wa yóò fẹsẹ̀ rìn gba Ìsẹ̀, gba Ìkẹ́rẹ́, gba Adó kọjá, títí a ó fi dé òkè kan tí omi ń sun láti inú àpáta rẹ̀. A kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan béèrè pé ṣé a ò lè wọ bọ́lẹkájà ni. Bàbá ìjọ ní ẹrù ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀bẹ̀ lọ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Kò sí ẹni tí àmín rẹ̀ ròkè tó ti ìyá mi. Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á. Ọmọ náà kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sílé ìwé. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹni fi epo pa á, ikùn rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ṣàdédé wú. Tí ìrora náà bá dé, á máa ké pé, "Egungun mi, Màámi, egungun mi!" títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àwọn méjì ló ti kú ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ṣe wọ́n. Bàbá mi ti gba kámú, ó ti kó ara rẹ̀ lọ sí abà kòkó, agbára káká ló fi ń wálé. Ìyá mi nìkan ló kù tí kò gbà. Ó ní bí òun bá sáà lè gbé ọmọ òun dé ibi omi yẹn, kí òun rì í bọ inú rẹ̀, yóò yè. Ìyẹn nìkan ló gbójú lé láyé.

Ni ìmúrasílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba bàtà láàyè, nítorí náà a ní láti kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa ní ìyà kí ọ̀nà tó kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ mi, á ní kí n máa rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo sunkún, àní mo ké! Á tún tì mí padà sórí òkúta náà. Òun fúnra rẹ̀ á pọn àbúrò mi, á gbé agbọ̀n iṣu rù, á máa lọ á máa bọ̀ lẹ́yìn ilé títí òógùn á fi bo ojú rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè mọ ẹrù náà. Àwọn aládùúgbò á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá ọmọ, ọjà wo lò ń ná láàárín àgbàlá?" Á kàn rẹ́rìn-ín. A yan gàrí kó lè pẹ́, a gún àádùn, a yan ẹ̀pà. Ó rán aṣọ funfun fún èmi àti òun, ó sì rán kékeré kan fún àbúrò mi. Aṣọ ọ̀hún tóbi fún ọmọ náà, apá rẹ̀ bo ìka ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó gé e. Ó ní rárá, pé á máa wọ̀ ọ́ dàgbà ni.

Gbogbo ìyẹn ò le o. Èyí tó le ni omi. Bàbá ìjọ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bá èèyàn jà gbọ́dọ̀ lọ bá onítọ̀hún nílé rẹ̀, kí àwọn méjèèjì mu omi nínú ife kan náà, kí ìyá ìjọ, obìnrin tó ń ṣíwájú àwọn obìnrin, sì dúró ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Ẹni tó bá gbé ìjà gòkè, ìjà náà ni yóò gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ní ẹ fẹ́ jẹ èkuru kó tán, kí ẹ tún máa gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo." Ẹni tí kò bá mu ún, kò ní bá wa lọ. Háà, ẹ bá wá wo ìlú! Àwọn tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé ara wọn kọjá bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin méjì kan wà tí wọ́n ń jà nítorí àgbébọ̀ adìyẹ. Ìgbà tí wọ́n máa fi parí rẹ̀, adìyẹ náà ti kú tipẹ́, kò tilẹ̀ sí ẹni tó rántí ẹni tó ni ín.

Ti ìyá mi kì í ṣe ti adìyẹ. Ìyá arúgbó kan ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọmọ kankan tó dúró fún un. Ẹ̀kọ ló ń tà. Nígbà tí èkejì nínú àwọn àbúrò mi kú, ìyá mi bọ́ sójú agbo, ó nawọ́ sí ilé ìyá arúgbó náà, ó ní àjẹ́ ni, pé òun ló ń pa àwọn ọmọ òun jẹ. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ń kí i, àwa ọmọdé sì máa ń sáré tí a bá fẹ́ kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ẹ má rò pé ìyá mi mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹ wá rò ó wò: kí ó tó lè gbé ọmọ rẹ̀ sá fún àjẹ́, ọwọ́ àjẹ́ náà ló ti máa kọ́kọ́ gba omi mu.

Ó sún un síwájú títí. Ó parí gbogbo ìjà kéékèèké tó ní, ó sì ń yí ojú kúrò lára èyí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a gbéra, ọwọ́ àbúrò mi tún wú, kò lè mú ṣíbí. Ìyá mi jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ó ti mọ́, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ." A ya ilé ìyá ìjọ mú un dání.

Ẹnu ọ̀nà ni a bá ìyá arúgbó náà. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o. Ulé yìí ti pẹ́ tó ti rí àlejò." Ulé ni àwa máa ń pe ilé níbí. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìjókòó, ó wọlé lọ bu omi wá nínú ife tánganran kan tí etí rẹ̀ ti họ. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, Yèyé." Ìyá arúgbó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ọmọ rẹ yóò yè." Ó mu omi náà, ó gbé e mì, gbogbo wa rí i. Ìyá mi gba ife, ó gbé e sẹ́nu, ó gbé orí sókè. Ìyá ìjọ ní ògo ni fún Ọlọ́run, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà gígùn. Àmín tí gbogbo wa ń ṣe, ìyá mi kò ṣe é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le gbagidi.

Bí àdúrà ti parí, ó fi orí kí wọn, ó yára gba ẹ̀yìn ilé, èmi náà tẹ̀ lé e. Nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ló ti tu gbogbo omi náà dànù, tó sì fi etí ìró rẹ̀ nu ahọ́n. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìyá arúgbó náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ti rí i. Ó rìn wá síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo ojú ilẹ̀ tó tutù, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyá ìjọ kò tíì lọ, ó wà níwájú ilé níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ìyá arúgbó yìí, ìrìn àjò ìyá mi ti parí nìyẹn. Kò sọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "Máa bá ìyá rẹ lọ."

Ní ọjọ́ tí a gbéra, orin la fi jáde ní Èmùrè. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín; ẹsẹ̀ mi ti le, mo sì rò pé a ó rí òkè. Àbúrò mi wà lẹ́yìn ìyá mi nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń bá wa ṣe ègbè. Kí a tó wọ Ìsẹ̀, kò kọrin mọ́. Ìrora náà tún ti dé. Abẹ́ igi kan létí ìlú ni a dúró sí, wọ́n da omi sí i lára, wọ́n gbàdúrà títí, ó ké "egungun mi," lẹ́yìn náà kò ké mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó tún un pọ̀n, ó yí ojú padà sí ọ̀nà Èmùrè. Èmi àti ìyá ìjọ la tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Inú aṣọ funfun yẹn náà ni wọ́n sin ín sí.

Ìròyìn ti dé ìlú kí ọ̀fọ̀ tó wọlé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kó ara wọn jọ, wọ́n ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Wọ́n ní omi tó fún ìyá mi mu ló fi mú ọmọ. Wọ́n gbé igi, wọ́n gbé àdá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fa páànù orí ilé ìyá arúgbó náà ya, òun sì jókòó sílẹ̀ nínú ilé, kò sá, kò bẹ̀bẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé wa.

Ìyá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ẹní. Ohun tó ní láti ṣe kò ju kó dákẹ́ lọ. Tó bá dákẹ́, ìyá arúgbó ló jẹ̀bi, gbogbo ìlú á sì máa ṣàánú òun. Ó dìde, kò bo orí, ó wọ àárín wọn lọ, èmi náà sáré tẹ̀ lé e. Ó kígbe pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! N kò mu omi rẹ̀! Mo tu ú dànù, ọmọ mi yìí rí mi! Omi ọ̀hún kò kan ọ̀fun mi, báwo ló ṣe máa pa ọmọ mi?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ju igi rẹ̀ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò padà dé, bàbá ìjọ gbọ́. Ó ní ìyá mi purọ́ lójú Ọlọ́run, pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi pa ọmọ rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí kò kí i mọ́, ojú tí wọ́n fi ń wo ìyá arúgbó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń fi wo ìyá mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ó gbé ife tánganran tí etí rẹ̀ ti họ dání, omi wà nínú rẹ̀. Ìyá mi gbà á, ó mu ún tán pátá, ó wá bú sẹ́kún. Ìgbà tí ìyá arúgbó náà kú, ìyá mi ló wẹ òkú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Ayé ti yí padà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé lọ sórí òkè báyìí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta lẹ ń bá jà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni wọ́n ń pín nínú ọkọ̀, kálukú á já tirẹ̀, á mu tirẹ̀. Ọmọ ọmọ mi yìí kan náà fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ìjọ wọn ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ó jókòó, ó ṣàlàyé: ọmọ tí ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú, tí egungun á máa dùn. Ó ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, pé láti ara bàbá àti ìyá ló ti ń wá, kò kan ẹnikẹ́ni níta. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Kò kan ìyá arúgbó. Kò kan omi tí wọ́n mu tàbí èyí tí wọ́n tu dànù. Títí ìyá mi fi dàgbà tó hewú, ohun tó gbà gbọ́ ni pé òun ló pa ọmọ òun, ìgbàgbọ́ yẹn ló sì gbé wọ ibojì. Ìgbà tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tí mo lè lọ sọ ọ́ fún mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín jókòó.