Màrìwò Ẹnu Odò

Òórùn tó jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Zion Pepe, abúlé wa létí òkun, kì í ṣe ti ẹja tí wọ́n ń yan. Ó ń tani nímú bí oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó. Mo bọ́ sórí afárá pákó tó so ilé wa mọ́ ti aládùúgbò, mo sì rí ẹja tó léfòó lábẹ́ ilé, gbogbo wọn yí ikùn funfun sókè. Inú àwa ọmọdé dùn. A rò pé òkun ló ta wá lọ́rẹ.

Ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá mi àtàwọn apẹja yòókù ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi májèlé pa ẹja nínú odò wa, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sílé. Wọ́n ri òpó mọ́ ẹnu odò, wọ́n so màrìwò mọ́ ọn kí àlejò lè mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wa ọkọ̀ lọ bá àwọn ará òkè odò tó ń lo oògùn náà, pé kí wọ́n ṣèlérí pé wọn ò ní dà á síbi tó máa ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ṣèlérí. Àwọn yòókù bu ẹmu fún wọn, wọ́n ní àwọn máa rò ó.

Ìyá bàbá mi, Iye ni gbogbo wa ń pè é, ti dàgbà, imú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn mọ́. Ó ti kó nínú ẹja tó léfòó náà, ó ti sun ún fún Mofẹ́, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín iwájú. Nígbà tí ìyá mi figbe ta, Iye kàn ń wò ó.

"Inú odò tiwa ni mo ti kó o, ọma mi. Ṣé màrìwò ò sí níbẹ̀ mọ́ ni?"

Ó wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé Mofẹ́ lọ sí ọsibítù kò tíì dé èbúté tó fi dákẹ́. Iye kò sun ẹja mọ́ títí tó fi kú.

Inú bí mi sí màrìwò yẹn ju bó ṣe bí mi sí àwọn tó da májèlé lọ. Lójú mi, ó tàn wá jẹ ni. Nígbà tí bàbá mi gé tuntun láti fi pààrọ̀ èyí tó ti gbẹ, mo ní kó kúkú fà á tu. Kò bínú.

"Tí mo bá fà á tu, kí ni mo máa sọ fún wọn pé wọ́n bà jẹ́?"

Ó so ó tán, ó wa ọkọ̀ padà lọ bá àwọn tó ní àwọn ṣì ń rò ó.

Tísà ni mí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọ́ àwọn ọmọ pé ilẹ̀ Áfíríkà ti fẹnu kò pé a ò ní ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, a ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni kó o pa mọ́ sọ́dọ̀ wa. Mo ní àwọn ilẹ̀ mìíràn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, pé a sì ń rọ àwọn tó ni ín kí wọ́n ṣèlérí pé wọn ò ní jù ú lù wá. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Tísà, ṣé atẹ́gùn ò lè gbé májèlé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni?"

Mo ní ó lè gbé e dé. Mo ní ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọdọ̀ yé lọ bá wọn, títí gbogbo wọn á fi kó o dànù. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi. Èmi ọmọdé ìgbà yẹn tó fẹ́ kí wọ́n fa màrìwò tu kì bá tí gbà fún mi. Mo gba ọ̀rọ̀ bàbá mi gbọ́ báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, mi ò lè jẹ ẹja sísun.